Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Tí Owó Adójútòfò Mi Fi Wálẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀, tí ó ní ilé, tàbí tí ó ní ẹbí tí ó ń bọ́, tí ó sì ń tìtorí wọn sanwó fún iléeṣẹ́ adójútòfò lọ́dọọdún. Iye tí wọ́n ní kí á san ni a máa ń rí. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ kì í hàn sí wa. Bí a bá sì béèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ iye yìí, ìdáhùn tí a ń gbà kì í ju pé bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde nìyẹn.

Nígbà tí àdéhùn ọkọ̀ mi fẹ́ parí lọ́dún yìí, iléeṣẹ́ tí mo ti ń bá ṣe bọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n wá sọ ọ́ dọ̀tun. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Ọ̀kan kún fún ìkíni àti ìdúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà àtàtà. Ojú ìwé kejì ni iye owó wà, ní ìlà kan ṣoṣo, láàárín nọ́ńbà ọkọ̀ mi àti ọjọ́ tí àdéhùn tuntun yóò bẹ̀rẹ̀. Iye tí mo san lésìí kò sí níbẹ̀ rárá. Bí kì í bá ṣe pé mo jẹ́ ẹni tí ń tọ́jú ìwé ni, ǹ bá ti san án láìbojú wẹ̀yìn. Mo tú fáìlì, mo fa ìwé ti èṣí yọ, mo sì tẹ́ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ọkọ̀ kan náà ni, ó sì ti fi ọdún kan gbó sí i, èyí tí ó túmọ̀ sí pé owó tí wọn yóò san fún mi bí wọ́n bá jí i gbé ti dín kù. Àdírẹ́sì kan náà ni. Awakọ̀ kan náà ni, n kò sì gba owó òfò lọ́wọ́ wọn rí. Síbẹ̀, iye tuntun fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti èṣí lọ.

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Ọmọbìnrin tí ó dá mi lóhùn bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ó ní owó àtúnṣe ọkọ̀ ti gòkè. Mo ní mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi, nínú àfikún tí wọ́n fi lé e, èló ni ti àtúnṣe ọkọ̀. Ó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tí òun ń wò. Mo wá sọ fún un pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, màá lọ wo iléeṣẹ́ mìíràn. Ó ní kí n dákun ní sùúrù díẹ̀. Orin ń dún sí mi létí, mo sì ń wo aago ara ògiri. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí ó fi padà, tí ó ní inú òun dùn láti sọ fún mi pé ẹ̀dínwó kan wà fún mi. Iye tí ó wá pè fi díẹ̀ ju ti èṣí lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn. Ọkọ̀ mi kò yí padà láàárín rẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà kò tìtorí rẹ̀ dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì kò dín owó iṣẹ́ wọn kù. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo lè lọ. Èyí ni ó jẹ́ kí ó yé mi pé ọ̀pọ̀ nínú àfikún yẹn kò bá ewu tan rárá; iye tí wọ́n rò pé màá san láìwí nǹkan kan ni.

Kí n má baà ṣi ọ̀rọ̀ sọ, n kò bá wọn jà nítorí pé iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń da owó jọ, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni òfò yóò ṣe láàárín ọdún, inú owó tí gbogbo wọn dá ni a ó sì ti rí èyí tí a ó fi tu àwọn wọ̀nyí nínú. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ilé lágbájá ni yóò jóná, ṣùgbọ́n bí ilé tí a kó jọ bá ti pọ̀ tó, ẹni tí ó mọ ìṣirò lè sọ iye tí yóò jóná nínú wọn, kí ó má sì fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Iye tí wọ́n bù fún oníbàárà kan gbọ́dọ̀ kárí ìpín tirẹ̀ nínú òfò tí wọ́n ń retí, owó iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìpín alágbàtà, owó tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń san fún àwọn iléeṣẹ́ tí ó tóbi jù ú lọ kí àjálù ńlá má baà gbá a lọ, owó orí ìjọba, àti èrè. Bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn san iye kan náà, ẹni tí ewu tirẹ̀ kéré yóò rí i pé ẹrù ẹlẹ́rù ni òun ń gbé, yóò sì bá tirẹ̀ lọ; àwọn tí ewu wọn pọ̀ ni yóò ṣẹ́kù, iye náà yóò sì máa ga sí i títí apá wọn kò fi ní ká a mọ́. Gbogbo èyí ni mo gbà.

Ohun tí n kò gbà ni kí ìṣirò náà jẹ́ awo, nítorí pé kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1693, Edmond Halley, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ìlú Breslau, tí wọ́n ń pè ní Wrocław ní ilẹ̀ Pólándì lónìí, ó sì fi ṣe àtẹ kan tí ó fi hàn pé nínú iye ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ báyìí, iye báyìí ni yóò rí ọdún tí ń bọ̀. Láti inú àtẹ yẹn ni ó ti ṣírò iye tí ó tọ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó bá fẹ́ máa gba owó lọ́dọọdún títí tí yóò fi kú. Nígbà tí ó di ọdún 1762, wọ́n dá iléeṣẹ́ Equitable sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó ń gba owó adójútòfò ẹ̀mí lọ́wọ́ oníbàárà ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ Halley ni pé ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àtẹ náà wà níta gbangba. Ẹni tí ń ta àdéhùn àti ẹni tí ń rà á lè jọ jókòó tì í, kí wọ́n sì jọ jiyàn lé e lórí. Lónìí, ohun tí ó rọ́pò àtẹ yẹn ni ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà, tí òṣìṣẹ́ tí ń gbé fóònù kò mọ inú rẹ̀, tí oníbàárà kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń bá àwa náà lò. Nínú fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí wa, iṣẹ́ wa, ibi tí ọkọ̀ ń sùn lálẹ́, gbogbo ẹni tí ó ń wà á, àti gbogbo ìjàǹbá tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀mí tàbí ti ìlera, wọ́n a tún béèrè àìsàn tí ó pa òbí wa. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí a kọ. Ẹni tí ó bá fi nǹkan pàtàkì kan pa mọ́ lè sanwó fún ogún ọdún, kí wọ́n sì tìtorí nǹkan náà kọ̀ láti san owó òfò fún un lọ́jọ́ tí ó bá nílò rẹ̀. Òfin òtítọ́ inú ni wọ́n fi ẹ̀yìn èyí tì, òfin náà sì ti pẹ́. Ní 1766, nínú ẹjọ́ Carter àti Boehm, tí ó dá lórí odi kan ní erékùṣù Sumatra tí wọ́n ra ìdójútòfò lé lórí, Adájọ́ Lord Mansfield ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fi ohun tí òun nìkan mọ̀ pa mọ́ kí ó lè fi fa ẹnì kejì sínú àdéhùn tí kì bá tí wọ̀ ká ní ó mọ̀. Ó sì sọ ọ́ kedere pé bí ó ti de oníbàárà ni ó de adójútòfò. Ìdajì òfin yìí ni ó wá ń ṣiṣẹ́. Èmi ń sọ gbogbo tèmi; tiwọn wà lábẹ́ ìdérí.

Bí ìdérí náà kò bá sì ṣí, a kò ní mọ ohun tí wọ́n ń kà sí ewu. Ìtàn ti fi hàn pé kò yẹ kí a kàn fọkàn tán ẹnikẹ́ni lórí èyí. Ní 1881, iléeṣẹ́ Prudential ní Amẹ́ríkà pinnu pé bí ènìyàn dúdú bá tilẹ̀ san iye kan náà tí òyìnbó san, ìdá méjì péré nínú mẹ́ta owó tí wọn yóò san fún ẹbí òyìnbó ni ẹbí tirẹ̀ yóò rí gbà bí ó bá kú. Ní 1896, òṣìṣẹ́ ìṣirò wọn, Frederick Hoffman, kó àtẹ ikú jọ láti fi gbe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn dúdú ń kú ní kékeré nígbà náà lóòótọ́, nítorí ìṣẹ́, ilé tí kò dára, àti àìrí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ni pé ó ka ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n sí àbùdá wọn, iléeṣẹ́ sì tún wá bu owó lé ìyà náà. Nọ́ńbà lè tọ̀nà kí ohun tí a fi ṣe má tọ̀nà.

Kò sí fọ́ọ̀mù tí ó ń béèrè àwọ̀ ara mọ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ìwé tí ó kà, àti bí ó ṣe ń san gbèsè rẹ̀ lè sọ ohun tí fọ́ọ̀mù kò béèrè. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá owó adójútòfò ọkọ̀ lé e. Ìpínlẹ̀ California, Hawaii àti Massachusetts kò gbà á láyè. Àwọn iléeṣẹ́ ní ìṣirò àwọn fi hàn pé ẹni tí gbèsè ń dà láàmú máa ń gba owó òfò ju ẹlòmíràn lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti awakọ̀ tí kò rọ lu ẹnikẹ́ni rí, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wá pẹ́ kí ó tó san owó tí ó jẹ báǹkì: lọ́dún tí ó ṣòro fún un jù ni owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò gòkè, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Mi ò sọ pé ó rọrùn láti mọ ibi tí a ó fa ìlà sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2011, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà Test-Achats ti Bẹ́líjíọ̀mù gbé wá, pinnu pé láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2012, iléeṣẹ́ adójútòfò kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin dá iye tó yàtọ̀ lé e mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin awakọ̀ tí kì í sábà ní ìjàǹbá bíi ti ọ̀dọ́kùnrin pàdánù ẹ̀dínwó tí ó ń rí tẹ́lẹ̀ nítorí obìnrin tí ó jẹ́. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni ìyẹn náà. Ní tèmi, mo fara mọ́ ilé ẹjọ́ náà, nítorí pé ó sàn kí á máa ka iye kìlómítà tí ènìyàn wà àti bí ó ṣe wà á ju kí á máa ka ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá rò ó lọ́nà mìíràn, ó ṣeé ṣe fún wa láti jọ sọ ọ́ nítorí pé gbangba ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Irú gbangba yẹn ni àwọn olùdìbò California yàn fún ara wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988, nígbà tí wọ́n dìbò fún òfin tí wọ́n ń pè ní Proposition 103. Láti ìgbà náà, iléeṣẹ́ kò lè gba iye tuntun lọ́wọ́ oníbàárà àfi bí alábòójútó ìdójútòfò ti ìpínlẹ̀ náà bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ láti fi gbèjà iye náà wà níbi tí ará ìlú ti lè kà á kí ó sì ta kò ó. Ní ti ọkọ̀, òfin náà to ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú ìṣirò ní ẹsẹẹsẹ: àkọsílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń wakọ̀, iye ibùsọ̀ tí ó ń wà lọ́dún, àti iye ọdún tí ó ti ń wakọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ṣì ń ta ìdójútòfò ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà títí di òní.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń dùn mí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀, Financial Conduct Authority, ṣèwádìí nípa ìdójútòfò ilé àti ti ọkọ̀. Wọ́n rí i pé iléeṣẹ́ máa ń fi iye tó wálẹ̀ fa oníbàárà tuntun mọ́ra, kí wọ́n tó máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè lọ́dọọdún fún ẹni tí ó bá dúró tì wọ́n, pàápàá ẹni tí ìṣirò wọn bá fi hàn pé kò ní lọ. Àjọ náà ṣírò pé ní ọdún 2018, àwọn mílíọ̀nù 6 oníbàárà ni ó ń san iye tí ó ga. Ká ní iye tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ewu wọn ni wọ́n san ni, bílíọ̀nù 1.2 owó pọ́n-ùn ni ìbá ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni àjọ náà ti pàṣẹ pé kí iye ti èṣí máa wà nínú ìwé ìsọdọ̀tun. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n kúkú fi òfin dè é pé iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba. Àwọn tí ń sáré láti iléeṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn lọ́dọọdún pàdánù nínú èyí, nítorí pé iye tí wọ́n fi ń fa ènìyàn mọ́ra kò lè wálẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Èmi tí mo mọ bí a ti ń halẹ̀ lórí fóònù yóò pàdánù pẹ̀lú. Mo fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀dínwó tí mo gbà kò bọ́ láti ọ̀run. Ẹni tí kò pè ni ó san án.

Àwọn iléeṣẹ́ a máa sọ pé bí àwọn bá tú ìṣirò àwọn síta, àwọn tí àwọn jọ ń díje yóò jí i lò, àwọn oníbàárà yóò sì máa purọ́ kí iye wọn lè wálẹ̀. N kò sọ pé kí wọ́n fún mi ní ètò kọ̀ǹpútà wọn. Kí ìyẹn wà lọ́wọ́ àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti bójú tó wọn, kí àjọ náà sì ní àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ó lè tú u wò. Ohun tí mo ń béèrè fún oníbàárà kò ju ojú ìwé kan lọ: iye ti èṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún yìí, ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó gbé iye náà dé ibi tí ó dé, èyí tí ó wúwo jù níwájú, iye tí alágbàtà mú nínú rẹ̀, àti ohun tí oníbàárà lè ṣe kí ó lè dín kù. Ní ti irọ́ pípa, a ti fọwọ́ sí ìwé pé a kò ní purọ́, ìyà rẹ̀ sì wà nínú àdéhùn. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé àìsáré ni yóò dín owó òun kù, ó ṣeé ṣe kí ó má sáré mọ́, èyí tí yóò ṣe iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ láǹfààní.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tèmi, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ìyá àgbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń san owó adójútòfò ilé wọn fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, láìpẹ́ ọjọ́ kan rí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé wọn. Inú páálí bàtà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n fi okùn dì í ní ọdọọdún, nítorí náà kò ṣòro fún mi láti to iye náà tẹ̀ lé ara wọn: kò sí ọdún kan tí kò gòkè, ìgbésẹ̀ kéékèèké tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, títí ó fi ju ìlọ́po méjì iye tí iléeṣẹ́ kan náà pè fún mi nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé náà kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn bí ẹni pé oníbàárà tuntun ni wá. Mo bá wọn pe iléeṣẹ́ náà, mo sọ ohun tí mo rí, wọ́n sì dín iye náà kù lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn.

Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n tún okùn dì mọ́ àwọn ìwé náà, wọ́n gbé páálí lé ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì bi mí pé, “Àwọn ọdún tí mo ti san sẹ́yìn wá ńkọ́?”

N kò rí ìdáhùn fún wọn. Bóyá ẹnìkan láti iléeṣẹ́ adójútòfò tí ó bá ka lẹ́tà yìí yóò ní ìdáhùn, kí ẹ sì bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tí ó ń san owó adójútòfò